Ibi Tí Ìyá Àgbà Kọrí Sí

Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 2025

Basheerah ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tójú mi ò tó. Ṣé òtútù ò tíì pa ọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ Fàtáì ń kí ọ, ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ, àwọn ọmọ wọn náà ní kó o fi yìnyín ránṣẹ́ sáwọn.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Nínú ilé wa yìí, kí n tó sọ pé "báwo ni" lórí fóònù, ará ìsàlẹ̀ ti ń bá mi dáhùn. Ọjọ́ tó o ní inú ń run ọ́, obìnrin kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó ní, "Ìyá Fàtáì, ẹ kú oríire, mo gbọ́ pé Basheerah ti lóyún." Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwọ náà, kọ tìrẹ wá. Má fi ohùn ránṣẹ́ o.

Irú iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀? Àwọn èèyàn ń bi mí. Wọ́n ní ṣé dókítà ni, mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé lọ́yà ni, mo ní rárá, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti wá ni. Sisí Àdùnní ìyá aláṣọ ní, "Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni?" Mo ní n óò bi ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láti ìgbà yìí! Ṣàlàyé fún mi. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, mi ò fọ́jú.

Mo tún fẹ́ kó o wálé fún Iléyá ọdún yìí. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti fojú kàn ọ́. Ọmọ kì í sá fún ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òyìnbó.

Èmi ìyá rẹ,
Sàdíátù


Edinburgh
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ níbí kí yín. Ẹ kú ariwo ilé. Òtútù ò tíì pa mí, àmọ́ ó ń gbìyànjú. Ìbùkúnolúwa, ọmọ Èkìtì tá a jọ ń gbé, ní kí n bá òun kí yín.

Ẹ sọ fún Sisí Àdùnní pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ là ń kọ níbi iṣẹ́ wa. Cephalad ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń kọ́ nípa ara ẹ̀dá ló ń lò ó, àwọn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. "Síhà orí" ló túmọ̀ sí. Bí èèrà bá wà láyà yín tó ń gun ọrùn bọ̀, cephalad ló ń lọ yẹn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò kàn sọ pé òkè. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Èèyàn tó dúró, òkè lorí rẹ̀ wà. Ewúrẹ́ ńkọ́? Iwájú lorí tirẹ̀ wà. Òkú tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ńkọ́? Orí rẹ̀ ò sí lókè, kò sí níwájú. Àwọn dókítà ayé àtijọ́ wá ń ṣi ara wọn gbọ́. Ní ìlú tí mo wà yìí, ó ti lé ní igba ọdún, olùkọ́ kan tó ń la òkú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ká wá ọ̀rọ̀ tí kò ní í wo òrùlé, tí kò ní í wo ilẹ̀, ara nìkan ni yóò máa wò. Ó mú ad nínú èdè Látìn, tó túmọ̀ sí "síhà", ó ní ká máa so ó mọ́ ìdí orúkọ ẹ̀yà ara. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló wá so ó mọ́ kephalē, tí í ṣe "orí" lédè àwọn Gíríìkì àtijọ́. Àwọn onígírámà bínú, wọ́n ní a kì í rán Gíríìkì mọ́ Látìn. Èdè méjì tó ti kú ni wọ́n rán pọ̀, Màámi, ó sì dìde, ó ń rìn.

Ère onígi kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n ya ọfà sí láti ìdodo lọ sí orí. Bí mo bá dojú rẹ̀ dé, bí mo bá yí i po, ọfà náà kì í ṣìnà. Ibi tí orí bá kọ sí náà ló ń lọ.

Ní ti Iléyá, màá gbìyànjú. Ohun kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín rèé: láti bí oṣù Kọkànlá, bí mo bá jí láàárọ̀, orí mi á wà níbi tí mo na ẹsẹ̀ sí, pílò á sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìbùkúnolúwa ní mo ti di ọwọ́ aago.

Ọmọ yín,
Basheerah


Ìsàlẹ̀ Gángan
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní

Basheerah,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ fún Sisí Àdùnní. Ó ní, "Ewúrẹ́ ti ń rìn láti ayé Ánábì Ádámù, ta ló ń sọ ibi tí orí ẹ̀ wà fún un?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àmọ́ nígbà tí mo padà dé yàrá mi, ẹ̀rín náà ti kúrò lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí òkú dá sílẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń gbé lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé lóòótọ́ lo ń yí? Ìwọ tó jẹ́ pé ibi tá a bá tẹ́ ọ sí lọ́mọdé náà la ó ti bá ọ lówùúrọ̀. Ta ló ń yí ọ? Ṣé ọmọ gidi ni Ìbùkúnolúwa yìí? Má bínú, ìyá ni mí. Máa ka Áyátù Kúrísíyù kó o tó sùn, kó o fẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, kó o fi pa ara. Bí iṣẹ́ bá ti parí, fi ère yẹn sílẹ̀, máa lọ sílé.

Bá mi bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí mo ti Ìjẹ̀bú-Òde dé, níbi tí mo lọ tọ́jú àbúrò mi, ni mo ti bá a pé Fàtáì ti sọ yàrá Ìyá Àgbà Hàlímọ̀ di sítọ̀ ọjà rẹ̀. Bọ́tìnì àti síìpù, páálí lórí páálí. Yàrá tí wọ́n sin ìyá bàbá yín sí! Ó ní omi ló ru látinú ilẹ̀ nígbà òjò oṣù Kẹwàá, pé òun tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, òun sì lẹ táìsì sí i. Ó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ṣé ó yẹ ká máa to ẹrù lé àgbà lórí? Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ọjà ń dà mí láàmú."

Èsì kíákíá o.

Ìyá rẹ


Edinburgh
Ogúnjọ́, oṣù Kejì

Màámi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo ń sùn jù ni. Mo lè sùn kí aago iṣẹ́ kọjá, kí Ìbùkúnolúwa kan ilẹ̀kùn títí, kí n má gbọ́.

Ọmọ gidi ni Ìbùkúnolúwa o. Òun ló ní kí n gbé fóònù sí kọ́nà kó máa ya mí bí mo bá sùn. A wò ó pa pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Ẹsẹ̀ mi ò gbéra, apá mi ò gbéra. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń yí, bí ìgbà tí wọ́n ń yí àwo lórí tábìlì. Bí mo bá ti yí tán, mo máa fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, mo máa na ẹsẹ̀, mi ò sì ní í mira mọ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ìbùkúnolúwa ní ká pa á, òun ò fẹ́ wò ó mọ́.

Bí mo bá jí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi máa ń tutù rinrin bíi ti ẹni tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu mi á máa rùn bí amọ̀. Dókítà ní wàhálà iṣẹ́ ni. Ẹ má dààmú jù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé sùnnà ni kéèyàn fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ sùn?

Basheerah yín


Ìsàlẹ̀ Gángan
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Èmi ni mo kọ́ ọ, òótọ́ ni. Àmọ́ alààyè máa ń ká orúnkún. Alààyè máa ń họ ara. Ẹni tó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, tó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, tí kò mira, mo ti rí irú rẹ̀ rí. Èmi ni mo gbé omi fún àwọn obìnrin tó wẹ Ìyá Àgbà, mo sì yọjú wo inú yàrá kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Bí wọ́n ṣe sùn nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o dá mi lóhùn. Bí o bá jí tí o ti yí bẹ́ẹ̀, níbo ni oòrùn ti ń yọ sí ọ? Ṣé iwájú rẹ ni àbí ẹ̀yìn rẹ? Níbí, bá a bá tẹ́ èèyàn wa, apá òkun la ń kọrí rẹ̀ sí, a ó sì kọjú rẹ̀ sí gábàsì, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Wò ó dáadáa. Má ṣe fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ìyá rẹ


Ìsàlẹ̀ Gángan
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Basheerah,

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lánàá, o ò kí mi kú ààwẹ̀. Mo pè ọ́, ó ń dún, o ò gbé e. Mo pariwo orúkọ rẹ sínú fóònù títí gbogbo ilé fi jáde; kí wọ́n gbọ́, kò kàn mí mọ́. Bí ìbéèrè mi bá bí ọ nínú, bú mi. Kọ̀wé wá bú mi. Mo se ẹ̀wà sààrì, àwọn ọmọ Fàtáì ni mo gbé e fún.

Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kì í dákẹ́ báyìí.

Ìyá rẹ


Edinburgh
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Ìyá Basheerah, ẹ kú ilé mà,

Ìbùkúnolúwa ni orúkọ mi, èmi ni mo ń bá ọmọ yín gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ó wà láàyè.

Láàárọ̀ àná mo kanlẹ̀kùn rẹ̀, kò dáhùn. Mo wọlé, mo bá a bó ṣe máa ń yí sí yẹn. Mo gbá a létí, mo da omi sí i lójú, mo kọ orin, mo gbàdúrà, kò jí. Ara rẹ̀ tutù. Ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n sì ń wò ó títí ọ̀sán. Kò sí ohun tí wọ́n rí. Ṣe ló kàn la ojú lójijì, ó ní, "Ta ló tan iná?" Lálẹ́ ó tún sùn lọ, kò sì tíì jí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tó jí yẹn ló ní kí n dá yín lóhùn ìbéèrè kan. Ó ní ẹ̀yìn òun ni oòrùn ti ń yọ.

Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mà. Ẹ bá wa ṣe nǹkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í la ojú mọ́.

Ìbùkúnolúwa


Ìsàlẹ̀ Gángan
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta

Basheerah mi,

Bí o bá jí, ka èyí. Bí o kò bá tíì jí, kí Ìbùkúnolúwa kà á sí ọ létí, Ọlọ́run á san án fún un.

Nígbà tí mo kà pé ẹ̀yìn rẹ ni oòrùn ti ń yọ, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń tẹ́ Mùsùlùmí kó kọ ẹ̀yìn sí gábàsì? Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Fàtáì nínú yàrá Ìyá Àgbà. Ó jókòó sáàárín páálí, ó ń di bọ́tìnì sí ọ̀rá.

Mo ní, "Fàtáì, nígbà tó o tún ilẹ̀ yìí ṣe, ṣé o fọwọ́ kan Ìyá?"

Ó ń di bọ́tìnì rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Àyìndé! Ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

Ó ní, "Màámi, omi ti wọ ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ nínú omi ni? Mo kó wọn jáde, mo fi aṣọ funfun tuntun dì wọ́n, nígbà tí bíríkìlà kún ilẹ̀ tán mo dá wọn padà. Alfa Ṣàíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe àdúà. Ẹ bi wọ́n."

"Ibo lo kọ orí wọn sí?"

"Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo ilé yìí ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ Ìyá ló wà lẹ́nu ọ̀nà."

Mo ní, "Ẹnu ọ̀nà wo?"

Basheerah, bọ́tìnì dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kọjú sí gọ́tà nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Nítorí omi gọ́tà náà ni bíríkìlà ṣe dí i nígbà tó ń tún ilẹ̀ ṣe, tó sì lu ẹnu ọ̀nà tuntun sí ògiri tó wà ní òdìkejì. Ẹnu ọ̀nà tuntun ni Fàtáì na ẹsẹ̀ wọn sí. Ó yí ìyá bàbá rẹ̀ po, kò mọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ láti oṣù Kọkànlá, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí gábàsì, páálí síìpù wà lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ rẹ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ilé ni Fàtáì wò, kò wo ara. Àmọ́ ọ̀ràn ẹnu ọ̀nà ò kan orí. Bí wọ́n bá yí Ìyá, síhà orí wọn yí pẹ̀lú wọn, ìwọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́, o sì ń yí tẹ̀ lé wọn ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n.

Fàtáì ń sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí àyè bú u. Bí a bá kí àsùbáà tán lọ́la, òun àti Alfa Ṣàíbù á ṣí ilẹ̀ náà, wọ́n á tún wọn tẹ́. Fara dà á títí di ìgbà yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, fara dà á.

Ìyá rẹ


Edinburgh
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta

Màámi mi, Màámi mi,

Ẹ kú ààwẹ̀! Ẹ kú àìsùn! Ara mi ti yá. Mo ń jẹun, mo ń jí kí aago tó dún, ojoojúmọ́ ni mò ń bá orí mi lórí pílò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é, mo kàn mọ̀ pé bí ẹni pé ọwọ́ méjì gba abẹ́ mi kọjá, wọ́n gbé mi yí, ilẹ̀ sì mọ́. Ìbùkúnolúwa jó. Ó ní òun á bá wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan.

Mo ti parí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá mi yìn mí. Mi ò sọ fún un pé ará ilé wa ló kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀: mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mò ń bọ̀ wá ṣe Iléyá! Ẹ má ṣe wàhálà lórí yàrá. Yàrá Ìyá Àgbà ni mo fẹ́ máa sùn sí. Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Fàtáì kó kó páálí rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ bá mi tẹ́ ẹní síbẹ̀. Bí mo ṣe bá wọn sùn tó láti ọ̀nà jíjìn, ó yẹ kí n wá kí wọn dáadáa.

Ẹ ò tiẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ ṣí i. Mo bi Bọ̀ọ̀dá Fàtáì, wọ́n ní kí n bi yín.

Ọmọ yín tó jí,
Basheerah


Ìsàlẹ̀ Gángan
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Basheerah, ọmọ tí mo fi àdúà gbà,

Mo fi lẹ́tà rẹ sáyà, mo dúpẹ́, mo sunkún. Ní báyìí, fetí sílẹ̀. Dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Má wá.

Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ń pè ọ́. Má wá ní Iléyá, má wá lẹ́yìn Iléyá, títí n óò fi sọ fún ọ.

Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀. Fàtáì búra pé àárín gbùngbùn lòun tẹ́ Ìyá sí. A ò bá wọn ní àárín. Bí ó ṣe kọrí wọn náà la ṣe bá a, aṣọ funfun náà ò tú, àmọ́ wọ́n ti sún mọ́ ògiri pátápátá, ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Bí àgbà ṣe máa ń sún lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ. Níbi àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, amọ̀ ti tẹ̀, ó ń dán, ó gùn bí èèyàn, ibi èjìká wà níbẹ̀, ibi ìbàdí wà níbẹ̀. Mo mọ ìbàdí ọmọ mi. Alfa Ṣàíbù ní ilẹ̀ tútù ló rì. Ó sọ ọ́, àmọ́ kò wò mí lójú.

Wọ́n yí wọn, wọ́n kọjú wọn sí gábàsì. Wọ́n fi yanrìn kún àyè náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ti tún jìn.

Wọn ò kórìíra rẹ o. Má rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ ju gbogbo ọmọ ilé yìí lọ, ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.

Fàtáì ti kó páálí rẹ̀ kúrò. Mo ti tẹ́ ẹní síbẹ̀, kì í ṣe fún ọ. Èmi ni mo ń sùn níbẹ̀ báyìí, lórí ibi tó jìn yẹn gan-an. Mo sọ fún wọn pé, "Ìyá ọkọ mi, èmi ni. Èmi náà ọmọ yín ni, ẹ jẹ́ ká jọ sùn." Láàárọ̀ yìí Fàtáì ní òun kanlẹ̀kùn pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo ní ààwẹ̀ ló rẹ̀ mí.

Jẹun dáadáa. Bá mi kí Ìbùkúnolúwa. Fẹ́ ọkọ sọ́hùn-ún bí o bá rí ẹni gidi, mi ò ní í bínú mọ́. Bí o bá tiẹ̀ ya olórí kunkun, tó o wá, o ò ní í rí ibi sùn nínú yàrá yẹn. Mo sanra jù ọ́ lọ. Mo ti kún àyè náà.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù